Ohun tí etí mi ò gbọ́ nídìí píánò

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá la máa ń bẹ̀rẹ̀ ètò orin ọ̀sán wa. Aago kan gééré làwọn òṣìṣẹ́ Marina àti Broad Street ń dìde nídìí tábìlì wọn, ẹni tó bá fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ wa sì nílò ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Tó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù, a gbọ́dọ̀ ti parí, kí wọ́n lè padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀gá wọn tó máa wá wọn. Ogójì ìṣẹ́jú péré la ní. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹni tó bá gbé mọ́ínmọ́ín rẹ̀ wọlé, a ò ní lé e jáde. Ohun tí a kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kó tú ọ̀rá rẹ̀ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, torí ariwo ọ̀rá nínú gbọ̀ngàn tó pa rọ́rọ́, ó ju ikọ́ lọ.

Ọdún kejì mi nílé ẹ̀kọ́ orin ni mo kọ́kọ́ bá wọn ṣe é. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, ní Erékùṣù Èkó, kò jìnnà sí ọ̀sà, àga inú rẹ̀ ò ju ọgọ́rin lọ. Yábàá ni mò ń gbé nígbà náà. Màá wọ mọ́tò gba orí afárá Third Mainland, màá sọ̀ ní Ọ̀bàléndé, màá wá fẹsẹ̀ rin ìyókù, ìwé orin mi nínú ọ̀rá kí òjò má baà bà á jẹ́. Mo ti máa ń gbọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin tí wọ́n ń ṣe é fún ará ìlú tẹ́lẹ̀, ní Onikan, lọ́dọ̀ MUSON (Musical Society of Nigeria), ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 tí ilé ẹ̀kọ́ orin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1989. Ibẹ̀ kọ́ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọ tí kò jù mí lọ tó dúró níwájú ènìyàn, tó mí kanlẹ̀, tó wá kọrin. Mo ní lọ́kàn mi pé èmi náà á ṣe é.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ píánò fún akọrin, pàápàá akọrin tó fẹ́ kọrin lédè Yorùbá. Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi nínú gbọ̀ngàn yẹn tó là mí létí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí orin ọ̀sán ṣe rí, torí kò jọ orin alẹ́ rárá.

Ẹni tó bá jáde wá gbọ́ orin lálẹ́, ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó ti sanwó, ọkàn rẹ̀ ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹni tó wá lọ́sàn-án, ìdajì ọkàn rẹ̀ ṣì wà lórí fáìlì tó fi sílẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ìdájí tó ti jáde nílé ní Ìkòròdú tàbí Alágbàdo. Ó lè wọlé nígbà tí orin kejì ti ń lọ lọ́wọ́, ó lè dìde kí ìkẹta tó parí, kò sì túmọ̀ sí pé ó ń fojú tín-ín-rín yín. Ohun tí mo wá rí ni pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló ń gbọ́ orin dáadáa jù. Kò wá wo aṣọ ẹnikẹ́ni, kò sì wá kí wọ́n lè rí òun. Bí ohun tí ẹ tẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lọ́kàn, oorun á dá lójú rẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, á máa wo aago.

Olùkọ́ mi nídìí píánò jẹ́ àgbà obìnrin kan, Màámi ni gbogbo wa ń pè é. Ó sọ ìtàn kan fún wa kí a tó ṣe ti àkọ́kọ́. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n ti àwọn gbọ̀ngàn orin pa ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ kí iná hàn síta lálẹ́, kí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì má baà mọ ibi tí wọ́n máa ju bọ́ǹbù sí. Obìnrin kan tó ń tẹ píánò, Myra Hess, ló wá ní bí alẹ́ ò bá ṣeé ṣe, ọ̀sán ń kọ́? National Gallery, ilé àwòrán ńlá tó wà níbẹ̀, ti kó àwòrán rẹ̀ lọ pamọ́, ògiri rẹ̀ ṣófo. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹwàá ọdún 1939, aago kan ọ̀sán, Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ṣílè kan lowó ìwọlé. Wọ́n ṣe é títí di 1946, ó lé ní ìgbà 1,600. Wọ́n ń ta sáńwíìṣì níbẹ̀ fún ẹni tí ebi ń pa. Màámi wò wá yíká, ó ní, “Bọ́ǹbù ń já lé wọn lórí, síbẹ̀ wọ́n tò sórí ìlà. Ẹni tó bá fi àkókò oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ wá gbọ́ yín, ẹ má fi orin tí ẹ ò tíì mọ̀ jẹ ẹ́ níyà.”

Ọ̀rọ̀ píánò tí a lò gba kí n dúró lé e lórí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bọ́tìnnì 88 lẹ ń rí níta. Wáyà tó lé ní 200 ló wà nínú, gbogbo wọn ló sì ń fa ara wọn gidigidi lórí pákó fẹ́lẹ́ kan tó ń gbé ohùn jáde. Igi ni pákó náà. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ wá láti ọ̀sà kún fún omi, igi á mu ún, á wú, wáyà á le sí i, ohùn á gòkè. Tí ọyẹ́ bá dé, igi á gbẹ, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Agogo méje àárọ̀ ọjọ́ orin gan-an ni ẹni tó ń bá wa yí wáyà náà máa ń dé. Á fi ohùn tí à ń pè ní A, èyí tó wà láàárín, sí 440, ìyẹn iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyókù wí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kọ́ nínú ìyà ni pé kí a má tan ẹ̀rọ amúlétutù fún un láàárọ̀ bí a ò bá ní ìdánilójú pé iná máa wà títí di aago méjì. Nígbà kan tí a ṣe bẹ́ẹ̀ tí iná sì lọ lọ́sàn-án, kí fèrè tó dé orin rẹ̀ kejì, òun àti píánò ò gbọ́ra wọn yé mọ́. Láti ìgbà náà, fèrèsé la ń ṣí láti àárọ̀, a ń jẹ́ kí igi náà bá ojú ọjọ́ mọ ara wọn. Ẹ sì mú pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń sá aṣọ dání. Fáànù kì í mọ̀ pé ìwé orin ni òun ń ṣí.

Orin Bach kan ni mo fi ṣí ètò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nílé, ó máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀. Fóònù tí mo fi gbà á sílẹ̀ fi hàn mí pé ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ ni mo fi parí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àyà mi ló ń sáré, ìka mi sì ń sáré tẹ̀lé e. Báyìí, mo máa ń fi inú kọ ìlà méjì àkọ́kọ́ kí n tó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì. Mo tún kọ́ pé orin tí ẹ bá fẹ́ràn jù, ẹ má fi ṣíwájú, torí orin àkọ́kọ́ lọ́sàn-án, àwọn tó ń wọlé ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èyí tó tẹ̀lé e ni mo fẹ́ sọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan nínú kíláàsì wa ló kọ ọ́, ọmọbìnrin Ẹ̀pẹ́ ni. Atukọ̀ ni bàbá rẹ̀, ó máa ń kó ẹja àti èrò lórí ọ̀sà. Nígbà tó wà ní kékeré, òun àti ìyá rẹ̀ máa ń gbé fìtílà lọ sétí omi tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kí bàbá lè rí ibi tó máa gúnlẹ̀ sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá ò dé. Ìyẹn ló gbé sínú orin náà, kò sì dárúkọ ikú níbẹ̀ rárá. Ìlà mẹ́rin péré ni:

Ọ̀sà dákẹ́, ilẹ̀ ń ṣú,
Mo jókòó sétí omi,
Ọkọ̀ ń bọ̀, ọkọ̀ ń bọ̀,
Ẹ má tíì pa fìtílà.

Ó fara balẹ̀ kọ ọ́. Ẹni tó bá ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ dò-re-mí: ohùn ìsàlẹ̀, ohùn àárín, ohùn òkè. “Ọkọ̀ ń bọ̀” jẹ́ re, dò, mí, dò. Ó fi re sórí F, ó fi mí sórí A tó wà lókè rẹ̀, ó sì jẹ́ kí dò já bọ́ sórí C àárín píánò. Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, tí ẹ wá kọ ọ́ lórin, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Ohun tó kọ fún píánò kéré gan-an. Ọwọ́ òsì á máa rọra lọ bí omi, ọwọ́ ọ̀tún á kan ohùn kan níhìn-ín, á kan òmíràn lọ́hùn-ún. Lábẹ́ “ọkọ̀”, kò kọ nǹkan kan. Ìsinmi ló fi síbẹ̀.

Mo wò ó, mo ní ó ti fẹ́lẹ́ jù. Mo rò pé mò ń ṣàánú ọ̀rẹ́ mi ni. Mo ní àwọn ènìyàn á sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orin fún píánò. Bí mo ṣe fi ọwọ́ ọ̀tún kún un nìyẹn: kọ́ọ̀dù oníka mẹ́rin, ìyẹn ohùn mẹ́rin tí a tẹ̀ pa pọ̀, F lórí wọn, tí mò ń tẹ̀ léraléra láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kẹta dé òpin rẹ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ fún un, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Tó bá ti dára létí yín, bùrọ̀dá.” Mo fi ọdún mẹ́rin jù ú lọ. Mi ò rò ó nígbà yẹn pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé kì í sábà sọ fún bùrọ̀dá rẹ̀ pé rárá. Mo gbà pé ó ti fọwọ́ sí i.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe ìdánrawò. Yàrá kékeré la ti ń ṣe é, akọrin wa dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an, èmi sì ti mọ ọ̀rọ̀ náà sórí. Ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ sórí, bó ti wù kí wọ́n kọ ọ́, á ní òun gbọ́ ọ. Nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó lọ jókòó sẹ́yìn láti gbọ́ bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àlejò.

Ọjọ́ náà pé. Bí ogójì ènìyàn ló jókòó. Ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú, iná lọ, fáànù dúró, a ṣí gbogbo fèrèsé, bẹ́ẹ̀ ni ìgboro wọlé bá wa: kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń pe Ọ̀bàléndé, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì, ọmọ tó ń polówó omi tútù. Mo dìde, mo gbé ìdérí píánò sókè pátápátá kí ohùn lè borí ariwo. Akọrin wa bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ tọkàntọkàn. Mo rántí bí inú mi ṣe dùn nígbà tí mo dé ìlà kẹta, tí mo gbọ́ píánò tó kún gbọ̀ngàn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n pàtẹ́wọ́, ó pẹ́.

Nígbà tí ètò parí, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Balógun wá bá akọrin wa, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, orin yẹn wọ̀ mí lára. Ọkọ náà ń bọ̀, lágbára Ọlọ́run. Ọkọ tìẹ á dé, kò ní jẹ́ ọkọ ọlọ́kọ. Fìtílà ẹ ò ní kú kó tó dé.” Akọrin wa kúnlẹ̀, ó ní, “Àmín, mà.” Obìnrin méjì tó dúró nítòsí náà ṣe àmín.

Mo wo ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló wà, ó ń kó àwọn ìwé ètò tó ṣẹ́ kù jọ. Ó tò wọ́n, ó tú wọn, ó tún tò wọ́n. Kò sọ nǹkan kan.

Ìyá yẹn ò ṣẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló fi gbàdúrà. Ọ̀dọ́bìnrin kan jókòó sétí omi nírọ̀lẹ́, fìtílà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ọkọ ń bọ̀. Ta ni kò ní ṣe àmín sí i? Re, re, mí, dò ló dé etí rẹ̀. Dò kan ti sọnù láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé akọrin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dá lẹ́bi. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbọ́ ohun tí fóònù gbà, mo tún un gbọ́ tó ìgbà mẹ́wàá. Ohùn òkè ni ohùn rẹ̀. C yẹn wà nísàlẹ̀ pátápátá fún un, ibi tí agbára ohùn obìnrin bíi tirẹ̀ kì í pọ̀ sí, sílébù náà sì kúrú, kò tó ìdajì ìlù kan. Dò tó wà lórí “bọ̀” ní òpin, ó dì í mú pẹ́, etí ráyè gbọ́ ìyẹn. Èyí tó wà lórí “kọ̀” kàn fò kọjá ni, lórí ibi tí ó sì ti fò kọjá ni F mi ti ń dún gbọngbọn, F kan náà tó jẹ́ re. Etí a máa di ohùn tó bá dún jù mú. Akọrin wa sọ pé ọkọ̀. Èmi, pẹ̀lú ìka mẹ́rin àti ìdérí tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ni mo sọ pé ọkọ.

Mo gbé e lọ bá Màámi. Kò bá mi wí. Ó ní kí n pa ìdérí bọ́tìnnì dé, kí n ka ọ̀rọ̀ orin náà fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí n má sáré. Ó wá ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó ń lu gángan ní ẹ̀ka ìlù, ó ní kó lu ìlà kẹta. Ọmọ náà fún ọsán ìlù rẹ̀ lábíyá, ó tú u, ó tún fún un. Kò sí ẹnu níbẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ kankan, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè pe ohun tó lù ní ọkọ. Màámi kọjú sí mi. “Ìka kan péré,” ó ní. “Tẹ ohun tó lù.” Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un tẹ̀. Ó lé ní ìdajì wákàtí tí a fi wà lórí ohùn mẹ́rin. Ìṣòro mi ni pé mò ń fún gbogbo wọn ní agbára kan náà, bí ẹní ń ka nọ́ńbà. Onígángan kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mọ èyí tí ọ̀rọ̀ gùn lé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó sọ fún mi pé ìjà yìí ti wà ní Èkó kí wọ́n tó bí òun gan-an. Nígbà tí àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ orin ìyìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Ohùn á gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìtumọ̀ á yí padà lẹ́nu ìjọ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé a ò gbọ́ ọ mọ́. Thomas Ekundayo Phillips, tó jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Cathedral Church of Christ ní Marina láti 1914 dé 1962, wà lára àwọn tó ní kí orin Yorùbá tẹ̀lé ẹnu Yorùbá. Ó kọ irú orin bẹ́ẹ̀, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953. Fela Sowande, tí wọ́n bí ní 1905, ọmọ inú ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ni nígbà tó wà lọ́mọdé, kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kó tó gba oyè FRCO, oyè àwọn ọ̀gá nínú dùùrù títẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1943. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí ibi tí a jókòó sí. Mo ti kọjá níwájú rẹ̀ láìmọye ìgbà, tí mo ń sáré lọ wọ mọ́tò.

Mi ò ní kí gbogbo sílébù máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ bí ọmọ tó di ìṣẹ́tí aṣọ ìyá rẹ̀ mú. Orin àwọn ìyá àgbà pàápàá máa ń yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ tó yí i ká á sì sọ ohun tó jẹ́. Bí àjẹ̀ bá wà níbì kan nínú ìlà mẹ́rin yẹn, ìyá Balógun ì bá mọ̀ pé ọkọ̀ ni. Kò sí i. Sílébù kékeré kan péré ni ìtumọ̀ gbogbo orin náà gùn lé, ẹni tó kọ ọ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Mo lọ bẹ ọ̀rẹ́ mi. Ó ní, “Kò sí wàhálà, bùrọ̀dá.” Mo ní wàhálà wà, kó jọ̀ọ́ sọ òótọ́ fún mi. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bí mo ṣe ń tẹ kọ́ọ̀dù yẹn, bí ẹ́ńjìnnì ló ṣe ń dún létí òun, ọkọ̀ bàbá òun ò sì ní ẹ́ńjìnnì. Ó ní ìsinmi tó wà lábẹ́ “ọkọ̀”, ibi tí òun àti ìyá òun máa ń dákẹ́ nìyẹn, kí wọ́n lè gbọ́ bóyá àjẹ̀ ń kan omi.

Mo ti fi kọ́ọ̀dù mẹ́jọ dí ibẹ̀.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Mo nu gbogbo ohun tí mo fi kún un kúrò pátápátá. Akọrin wa ló dábàá pé kí a gbé orin náà sókè láti F sí G, kí C yẹn lè di D. Ohùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ó gbé sílébù náà kúrò nínú kòtò tó wà. Ìdérí píánò, igi kékeré la fi gbé e ró, kò ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ. Mo yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà kí “ọkọ̀” tó dé, kí ohùn tó ṣáájú má baà ṣàn wọ inú rẹ̀. Èyí tó ran wá lọ́wọ́ jù kò ná wa ní kọ́bọ̀: a pe ọmọ kan tó ń kọ́ fèrè, tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà rí, a ní kó lọ jókòó sórí àga tó kẹ́yìn pẹ̀lú bírò àti ìwé, kó kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́, ó kọ “ọkọ̀” bó ṣe yẹ, àmọ́ lórí ìlà kìíní, ó kọ “ilè”, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Akọrin wa ti ń pe ẹ bí e, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ wọn láti máa pe orin Ítálì. Òun náà tún tiẹ̀ ṣe. Láti ọjọ́ náà, mi ò bá akọrin kankan jáde síwájú ènìyàn mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti lọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bírò. Bó bá jẹ́ ohun kan péré lẹ máa mú nínú gbogbo èyí, ẹ mú ìyẹn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n tún fún wa láyè. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi tiwa ṣe ìkẹta, nígbà tí àwọn tó pẹ́ bá ti jókòó tán. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, ojú ọjọ́ tutù, ọwọ́ mi náà tutù. Nígbà tí a dé ìlà kẹta, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi kúrò lórí bọ́tìnnì, mo gbé e lé itan mi, kó má baà ṣe mí bíi kí n ṣe nǹkan. “Ọkọ̀” jáde lẹ́nu rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Mo gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀ níta, mo gbọ́ omi tó ń kán láti ẹ̀bá òrùlé, mo gbọ́ ẹnì kan tó mí lórí àga iwájú.

Wọn ò pàtẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa á tán, kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.

Bàbá kan wà tó máa ń jókòó lápá òsì lórí àga iwájú, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, kì í pa ọ̀kankan jẹ. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ń jáde, ó pe ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú ìka, torí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ètò pé òun ló kọ ọ́. Ó kúnlẹ̀ kí i.

“Ọmọ mi, ọkọ̀ ibo ni? Ti Ìkòròdú ni àbí ti Ẹ̀pẹ́?”

“Ti Ẹ̀pẹ́ ni, sà.”

“Ó dé?”

“Kò dé, sà.”

Bàbá ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Aago méjì ti fẹ́ẹ̀ lù, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àga jọ, kò sì dìde.